Mo ti fi ìwé owó orí Maryland sílẹ̀ kí òfin tuntun tó dé: ṣé owó mi ti wọgbó ni?

Àdùkẹ́_Lanham, 6 Igbe 2021

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí oorun ò kùn mí láti àná.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá, wọ́n ní ká máa lọ sílé ná. "Ná" yẹn di oṣù mẹ́sàn-án. Owó iṣẹ́ tí mo gbà ní gbogbo 2020 kò ju $11,300 lọ. Owó àìríṣẹ́ṣe tí mo gbà, pẹ̀lú $600 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi kún un nígbà yẹn, jẹ́ $18,900. Èmi nìkan ni mò ń dá gbé, mi ò ní ọmọ lórí ìwé.

Ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, ọjọ́ tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀, ṣílẹ̀kùn gan-an, ni ẹni tó ń bá mi ṣe owó orí ti fi ìwé mi ránṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti Maryland. Èmi ni mo ní kó tètè ṣe é, torí mi ò fẹ́ gbèsè ìjọba lọ́rùn. Mi ò ní kí wọ́n máa yọ owó orí Maryland lára owó àìríṣẹ́ṣe yẹn látìbẹ̀rẹ̀, ni ìwé bá jáde pé mo jẹ Maryland ní $1,221. Àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni mo fi san án. Gbogbo ẹ̀, lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ 15 ni Gómìnà Hogan buwọ́ lu òfin pé Maryland kò ní gba owó orí lórí owó àìríṣẹ́ṣe mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Aládùúgbò mi tó fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà kò san kọ́bọ̀. Mo pe ẹni tó ṣe ìwé mi, ó ní èyí tó ti wọlé ti wọlé, pé òfin kì í rìn padà sẹ́yìn. Nígbà tó di àná, ó tún pè mí pé tí mo bá mú $200 wá, òun á "gbìyànjú". Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

---

Bàbá_Houston, 6 Igbe 2021

Ẹ kẹ́rù yín ká wá sí Texas, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́ mọ́ láyé. Àmọ́ tí wọ́n bá wá fi owó orí ilé hàn yín, ẹ má sọ pé èmi ni mo pè yín o.

---

Àbẹ̀ní_Bowie, 6 Igbe 2021

Àdùkẹ́, má ṣe nǹkan kan. Jókòó jẹ́ẹ́. IRS ti kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa tún ìwé gbogbo ẹni tó gba owó àìríṣẹ́ṣe ṣe, wọ́n á sì dá owó padà láti oṣù Èbìbí. Tó o bá fi ìwé míì ránṣẹ́, ńṣe lo máa da gbogbo ẹ̀ rú. Ẹni tó ní kó o mú $200 wá, olè ni.

---

Onísirò_SilverSpring, 7 Igbe 2021

Sisí Àbẹ̀ní, ìdajì ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́. Ìdajì kejì ló lè mú kí ọmọbìnrin yìí pàdánù owó ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya òfin méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n jọra, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan.

Òfin kìíní ni ti Maryland, tí wọ́n ń pè ní RELIEF Act, tí gómìnà buwọ́ lù ní ọjọ́ 15 oṣù Èrèlé. Ó ní ẹni tó bá gba owó àìríṣẹ́ṣe ní 2020 àti 2021 lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí Maryland máa bu owó orí lé, bí àpapọ̀ owó tó wọlé fún un kò bá tó $75,000. Fún tọkọtaya tó jọ fi ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀, tàbí ẹni tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé tó sì ń tọ́mọ, $100,000 ni ààlà. Iye tí wọ́n ń wò ni èyí tó wà ní ìlà 11 lórí fọ́ọ̀mù 1040 yín, ìyẹn ìwé owó orí ti ìjọba àpapọ̀.

Òfin kejì ni ti ìjọba àpapọ̀. Biden buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà. Ìyẹn yọ $10,200 àkọ́kọ́ nínú owó àìríṣẹ́ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ìlà 11 ò bá tó $150,000. Òun ni IRS sọ ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà pé àwọn á tún ṣírò fúnra wọn fún àwọn tó ti fi ìwé sílẹ̀. Tiwọn nìkan ni wọ́n ń sọ o. IRS kọ́ ló ń gbowó Maryland. Annapolis, olú ìlú Maryland, ló ń gbà á, lọ́dọ̀ Comptroller tó ń mójú tó owó orí ìpínlẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ò sì ní jókòó máa ṣí ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti fi ìwé 2020 sílẹ̀ kí òfin tó jáde, tó ti ka owó àìríṣẹ́ṣe mọ́ owó tó wọlé, òun fúnra ẹ̀ ló máa fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù 502X lorúkọ ẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀mù 502LU sí i, òun ni wọ́n ṣe fún yíyọ owó àìríṣẹ́ṣe yìí.

Èyí tó ní òfin kì í rìn padà sẹ́yìn ò ka òfin náà ni. Ọdún 2020 wà nínú ẹ̀ gbangba. Ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ kò kàn án, ọdún tí owó wọlé ló kàn án.

Ní ti iye owó: Maryland ń gba 4.75% lórí irú owó tí ẹ ní yìí, Prince George's County ń gba 3.2% lé e. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 7.95%. Ẹ fi ṣe ìlọ́po $18,900, ó jẹ́ $1,502. Owó yẹn ló yẹ kó padà wá.

---

Ṣèyí_Laurel, 7 Igbe 2021

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n Onísirò. Àmọ́ $1,502 yẹn kò ní jáde bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀ ni mo fúnra mi ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó tì í di aago méjì òru kí n tó rí ibi tó ti ń yọ́.

Iye tí Maryland ń jẹ́ ká yọ láìwo ohun tá a ná kì í dúró sójú kan bíi ti ìjọba àpapọ̀. 15% owó tó wọlé lójú Maryland ni. Fún ẹni tó dá wà, ní 2020, kò gbọ́dọ̀ dín sí $1,550, kò sì gbọ́dọ̀ ju $2,300. Nínú ìwé àkọ́kọ́ Àdùkẹ́, owó tó wọlé jẹ́ $30,200, nítorí náà $2,300 ni wọ́n yọ fún un. Tí owó àìríṣẹ́ṣe bá ti kúrò níbẹ̀, owó tó kù jẹ́ $11,300, 15% ẹ̀ sì jẹ́ $1,695. Ìyẹn ni pé $605 nínú àǹfààní tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti fò lọ.

Ó wá di báyìí. Tẹ́lẹ̀: 30,200 − 2,300 − 3,200 (ìyẹn èyí tí Maryland ń yọ fún orí ẹnì kọ̀ọ̀kan) = $24,700. Báyìí: 11,300 − 1,695 − 3,200 = $6,405. Ìyàtọ̀ jẹ́ $18,295. Ẹ fi 7.95% ṣe ìlọ́po rẹ̀, $1,454 ni.

Àdùkẹ́, $1,221 tó o san máa padà wá pátá, bí $233 á sì tẹ̀ lé e, ìyẹn lára èyí tí wọ́n ti yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ.

---

Onísirò_SilverSpring, 7 Igbe 2021

Ṣèyí jàre. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ṣì ń gbójú fo 15% yẹn tí mo bá ń fi orí ṣírò. Ẹ mú $1,454.

---

Àbẹ̀ní_Bowie, 7 Igbe 2021

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tẹ́ ẹ bá ní Maryland kì í ṣe é fúnra wọn, kí ló dé tí $500 já sí àkántì mi láti Maryland lóṣù Èrèlé, láìfọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan? Mo ro pé àtúnṣe ni.

---

Ṣèyí_Laurel, 7 Igbe 2021

Kì í ṣe àtúnṣe, mà. Ẹ̀bùn ni, abẹ́ òfin kan náà ló wà, àmọ́ yàrá rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó gba owó ìrànwọ́ Maryland fún òṣìṣẹ́ tí owó ẹ̀ kò pọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní EIC, lórí ìwé ọdún 2019 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí: $500 fún ìdílé, $300 fún ẹni tó dá wà. Ìwé 2020 yín ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Tẹ́ ẹ bá gba owó àìríṣẹ́ṣe ní 2020, tẹ́ ẹ sì ti tètè fi ìwé sílẹ̀, ẹ̀yin náà lówó níta o.

---

Àbẹ̀ní_Bowie, 7 Igbe 2021

Háà. Oṣù méjì ni mo ti fi gbà pé àtúnṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n wá ìwé mi.

---

Ìyá_Kòfo_Hyattsville, 8 Igbe 2021

Mo fẹ́ fi ti àbúrò mi sí i, torí ẹ̀ka kan wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ.

Ọmọ méjì ni àbúrò mi ń dá tọ́. Ìlà 11 ẹ̀ jẹ́ $52,000, $14,000 nínú ẹ̀ jẹ́ owó àìríṣẹ́ṣe. Pẹ̀lú $52,000, kò lè gba EIC ìjọba àpapọ̀, torí ààlà fún ọmọ méjì ní 2020 jẹ́ $47,440. Nítorí náà kò béèrè fún un. Nígbà tí òfin Biden yọ $10,200 kúrò, ìlà 11 ẹ̀ di $41,800. Ó ti wọ abẹ́ ààlà! Owó tí ò sí tẹ́lẹ̀ ti wà báyìí, mo ṣírò ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní $1,180.

Ibi tí ọ̀rọ̀ IRS ti yí padà nìyẹn. Wọ́n ní àwọn á tún owó orí $10,200 yẹn ṣe fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí àtúnṣe náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó kan tí kò béèrè nínú ìwé àkọ́kọ́, kí olúwarẹ̀ fi 1040-X, ìwé àtúnṣe ti ìjọba àpapọ̀, ránṣẹ́. Ẹni bíi tàbúrò mi gan-an nìyẹn. Àti pé Maryland ń fún ẹni tó lọ́mọ ní 45% iye EIC tí ìjọba àpapọ̀ bá fún un. RELIEF Act ló gbé e dé 45% láti 2020. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lọ́mọ lórí ìwé, tẹ́ ẹ bá gba EIC, Maryland á fún yín ní iye kan náà tí ìjọba àpapọ̀ fún yín, títí dé $530.

Nítorí náà ẹnì kan lè máa retí owó ní ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí IRS máa ṣe fúnra ẹ̀, èyí tá a máa fi 1040-X béèrè, àti 502X ti Maryland. Mo kọ wọ́n sára ògiri ilé ìdáná fún un kó má baà gbàgbé.

---

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé_Baltimore, 8 Igbe 2021

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí gbogbo yín dúró. Ẹ má fi 502X ránṣẹ́ báyìí. Ìdí ni pé ìlà 11 yín máa yí padà nígbà tí IRS bá ṣe tiwọn tán, orí ìlà 11 sì ni ìwé Maryland dúró lé. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí pẹ̀lú $30,200, lọ́la ẹ máa tún un ṣe pẹ̀lú $20,000. Èèyàn á wá máa ṣe àtúnṣe lórí àtúnṣe. Àti pé ẹni tó bá ń fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ léraléra, wọ́n á sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

---

Onísirò_SilverSpring, 8 Igbe 2021

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ jẹ́ ká fi owó Àdùkẹ́ wò ó, ẹ á rí i pé ojú kan náà ni wọ́n máa já sí.

Tó bá lo ìlà 11 àtijọ́: $30,200, yọ owó àìríṣẹ́ṣe $18,900. Ó ku $11,300.
Tó bá lo ìlà 11 tuntun: $20,000. Owó àìríṣẹ́ṣe tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ jẹ́ $8,700 péré, torí ìjọba àpapọ̀ ti yọ $10,200. Yọ $8,700. Ó ku $11,300.

Maryland ò pàdánù, Àdùkẹ́ ò pàdánù. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé kéèyàn lo ìlà 11 tuntun kó sì tún yọ $18,900 odindi. Ìyẹn ti yọ $10,200 lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, lẹ́tà á sì dé. Mo ti rí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jalè, ńṣe ni wọn ò mọ̀ pé ti àpapọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ wá sínú ti ìpínlẹ̀.

Mo fara mọ́ yín ní ibì kan ṣá: ẹni bíi àbúrò Ìyá Kòfo, tí EIC ti wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe 1040-X, kó wá fi nọ́ńbà tuntun ṣe 502X lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Àdùkẹ́ ò ní EIC nínú, kò sídìí tó fi máa dúró. Àti ọ̀rọ̀ pé wọ́n á máa ṣọ́ èèyàn: ìwé àtúnṣe tí òfin tuntun fà, tí èèyàn kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀ kedere, kì í ṣe ẹ̀sùn.

---

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé_Baltimore, 8 Igbe 2021

Mo gbọ́ ti ìṣirò. Ti ìṣọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí kálukú wa di ìgbàgbọ́ ẹ̀ mú.

---

Adé_Columbus, 9 Igbe 2021

Ẹ kú ìjókòó. Ohio náà ṣe tiwọn ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, Gómìnà DeWine buwọ́ lù ú, Ohio wá tẹ̀ lé $10,200 ti ìjọba àpapọ̀. Kò sí ti gbogbo owó àìríṣẹ́ṣe bíi ti Maryland o, $10,200 yẹn nìkan ni. Àwa tá a ti fi ìwé sílẹ̀ la máa tún un ṣe fúnra wa. Níbí, IT 1040 kan náà lẹ máa kọ, ẹ máa fàmì sí àpótí tó sọ pé àtúnṣe ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tiẹ̀, ẹ má fi ti Ohio ṣe Maryland.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Philadelphia ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Pennsylvania kì í gba owó orí lórí owó àìríṣẹ́ṣe rárá, kòrónà ì bá dé, ì bá má dé.

---

Àdùkẹ́_Lanham, 9 Igbe 2021

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé. Mo sun oorun àsùnwọra lánàá.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́, ṣé mo lè ṣe é fúnra mi? Ìkejì, kí ni mo máa fi há a? Ìkẹta, ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò ní nọ́ńbà Social Security, ITIN, ìyẹn nọ́ńbà tí IRS ń fún irú wọn, ló fi ń san owó orí ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní EIC ò kan irú wọn. Ṣé bó ṣe wà náà nìyẹn?

---

Ṣèyí_Laurel, 9 Igbe 2021

O lè ṣe é. Ohun tí mo há mọ́ tèmi: ẹ̀dà ìwé 502 àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé owó orí Maryland, kí n lè máa wo nọ́ńbà àtijọ́ (èyí tọwọ́ ara mi ni), 502LU, àti 1099-G tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó sọ iye owó àìríṣẹ́ṣe. Lórí 502X, òpó mẹ́ta ló wà: iye àtijọ́, ìyàtọ̀, iye tuntun. Ibẹ̀ ni orí máa ń yí àwọn èèyàn. Fi iye àtijọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà gan-an nínú ìwé àkọ́kọ́, kó o má ṣe tún un ṣe. Ní ibi àlàyé, mo kọ gbólóhùn méjì: pé mo fi ìwé sílẹ̀ kí òfin tó jáde, àti pé mò ń yọ owó àìríṣẹ́ṣe lábẹ́ RELIEF Act. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

Ohun kan ṣáá: rí i dájú pé wọ́n ti parí iṣẹ́ lórí ìwé àkọ́kọ́ kó o tó fi ti àtúnṣe tẹ̀ lé e. Ìwọ ti san gbèsè, ó sì ti kúrò ní báǹkì ẹ, ìyẹn dára. Ẹni tó ṣì ń dúró de owó àdápadà, kó dúró kó wọlé ná.

---

Onísirò_SilverSpring, 9 Igbe 2021

Ní ti ìyá ṣọ́ọ̀ṣì: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. EIC ìjọba àpapọ̀ ṣì ń béèrè nọ́ńbà Social Security. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ẹrẹ́nà, òfin míì kọjá ní Annapolis, tí gómìnà ò buwọ́ lù tí ò sì kọ̀, ló bá di òfin bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń lo ITIN náà lè gba EIC ti Maryland, láti ọdún 2020. Tí ìyá yẹn bá ti fi ìwé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 502X náà ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe tijú. Owó orí tí wọ́n ń san láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ nítorí ITIN.

Ẹni tí owó tó wọlé fún un kò bá pọ̀, àwọn ibi VITA wà káàkiri tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yìí, ẹni tí tiẹ̀ ò ju bí $57,000 ni wọ́n sábà ń gbà. Kí Àdùkẹ́ má ṣe mú $200 fún ẹnikẹ́ni.

Àti pé ẹ má kánjú ju bó ṣe yẹ. Ọjọ́ 15 oṣù Agẹmọ ni Maryland sún ìparí fífi ìwé 2020 sílẹ̀ sí, ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Èbìbí. Ìwé àtúnṣe láti gba owó padà ní àyè tó gùn jùyẹn lọ, ọdún mẹ́ta ni. Ẹ kàn má fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí ẹ máa fi gbàgbé.

---

Táíwò_Bronx, 22 Èbìbí 2021

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ látòkè, ó wù mí kí n sunkún. Ti New York yíjú sí ọ̀nà kejì pátápátá.

New York ò tẹ̀ lé $10,200. Ìjọba àpapọ̀ yọ ọ́, New York ní ká gbé e padà síbẹ̀. Ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ni mo fi ìwé sílẹ̀, sọ́fítíwíà tí mo lò ti gbọ́ ti Biden, kò tíì gbọ́ ti Albany, olú ìlú New York. Ó gbé ìlà 11 tó ti dín kù sọdá sínú ìwé ìpínlẹ̀, èmi náà tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú ayọ̀. Owó àdápadà tí New York fi ránṣẹ́ sí mi pọ̀ ju èyí tó tọ́ sí mi lọ. Mo ti ná an tán kí n tó ka ìkéde wọn. Mo fi IT-201-X, ìwé àtúnṣe ti New York, ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì san ìyàtọ̀ pọ̀ mọ́ ọn kí èlé má baà máa gorí ẹ̀.

Nítorí náà, òfin tó yí padà lẹ́yìn tá a ti fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dá owó padà fúnni. Ẹ yẹ ti ìpínlẹ̀ yín wò.

---

Bàbá_Houston, 22 Èbìbí 2021

Táíwò, pẹ̀lẹ́ o. Ilẹ̀ ṣì wà ní Texas.

---

Ìyá_Kòfo_Hyattsville, 3 Òkúdu 2021

Àbúrò mi fi 1040-X ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, 502X sì tẹ̀ lé e. Ohun kan tá a kọ́: ẹ̀ ń rántí òpó tí Ṣèyí sọ? A fi iye tuntun sí òpó iye àtijọ́. A ti lẹ sítáǹpù mọ́ àpò ìwé kí n tó rí i. Ẹ fi ojú méjì wò ó.

---

Àdùkẹ́_Lanham, 19 Agẹmọ 2021

Ṣẹ́ẹ̀kì dé lónìí! $1,454. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò mi rò pé mo gba ìròyìn burúkú ni. Ti IRS náà ti wọlé sí àkántì mi lóṣù tó kọjá, ó lé díẹ̀ ní $1,170, mi ò sì fi ìwé kankan béèrè ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Onísirò, ṣé mo máa san owó orí lórí owó tí Maryland dá padà yìí lọ́dún tó ń bọ̀? Wọ́n ní 1099-G míì á dé.

---

Onísirò_SilverSpring, 19 Agẹmọ 2021

Ó lè dé, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹni tó kọ owó orí ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lórí Schedule A láti fi dín owó orí àpapọ̀ ẹ̀ kù ló kàn. Ẹ̀yin gba àyọkúrò tí ìjọba ti là sílẹ̀ ($12,400 ní 2020), kò kàn yín. Ẹ kú oríire. Ẹ dá àjọ yẹn padà o.

---

Abíọ́nà_Brooklyn_Park, 24 Ọwẹ́wẹ̀ 2021

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti tutù, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá wá a. Minnesota ò tẹ̀ lé òfin Biden títí di ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ. Nígbà tí wọ́n wá tẹ̀ lé e, wọn ò ní ká fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn á tún ìwé tó lé ní 540,000 ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Ọkọ mi ti kọ ìwé àtúnṣe tiwa tán láti oṣù Ògún, ó wà nínú mọ́tò, ó ń dúró de ọjọ́ tó máa ra sítáǹpù. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

---

Àbẹ̀ní_Bowie, 25 Ọwẹ́wẹ̀ 2021

Abíọ́nà, ẹ rí i pé ti Minnesota rí bí mo ṣe sọ ní ọjọ́ kìíní. Ìpínlẹ̀ ni mo ṣì. Èmi ṣì ń dúró de ti Maryland, inú oṣù Ògún ni mo tó fi tèmi ránṣẹ́.